Ara kọ̀ ọ́, ara fara dà á, ara gbà á mọ́ra: èwo ni ká mú?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àdúrótì èdè wa.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, nígbà tí àbúrò wa tó ń ka ìròyìn ìlera lórí rédíò bi wá pé báwo lòun ṣe lè fi Yorùbá sọ pé àwọn dókítà ń lo "stem cell", ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn, kí ara má bàa kọ kíndìnrín ẹlòmíì. Gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ nìyí: "Lílo sẹ́ẹ̀lì igi láti dín ìkọ̀sílẹ̀ kù lẹ́yìn ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara." Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn ní kó yí "igi" padà sí "ìyá", kó sì mú "ìkọ̀sílẹ̀" kúrò, kó fi "ìfaradà" sí i, torí pé "tolerance" làwọn onímọ̀ ń pe ohun tí wọ́n ń wá. Ìyá wa nọ́ọ̀sì náà ní "ìfaradà" dára. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè dákẹ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe jẹun nílùú London, ọ̀rọ̀ yìí sì ti kó ìtìjú bá mi rí.

Wọ́n pè mí sí ilé ìwòsàn kan pé kí n wá bá bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, túmọ̀ ohun tí dókítà ń wí. Kíndìnrín bàbá méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, àbúrò wọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ló fún wọn ní ọ̀kan nínú tiẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà kò tíì pé oṣù kan tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi yí padà. Dókítà ní "rejection" ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi náà kò fara balẹ̀, mo ní: "Bàbá, wọ́n ní ara yín ti fẹ́ kọ kíndìnrín yẹn sílẹ̀." Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn wọn lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti rán wọn, bí ẹni tó ń di ọmọ mú. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní: "Èmi? Kí n kọ àbúrò mi sílẹ̀? Kí ló fi ṣe mí?" Àbúrò wọn wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sorí kọ́, ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́.

Dókítà rò pé ìròyìn àìsàn ló ba bàbá nínú jẹ́. Èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Mo tún un sọ: "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ̀ ọ́ o. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara yín ni kò dá a mọ̀, wọ́n rò pé olè ló wọlé." Ojú bàbá wálẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀ṣọ́ ni. Ṣé oògùn tí mò ń lò ò ká wọn mọ́ ni?" Ìbéèrè tí dókítà ń retí láti àárọ̀ nìyẹn.

Ìdí rèé tí mo fi ní ká yọ "ìkọ̀sílẹ̀" kúrò pátápátá. Ti kóòtù ni, ti tọkọtaya ni, ó ti ní ilé tirẹ̀ nínú èdè. Ẹni tó kọ ènìyàn sílẹ̀ ti bá a gbé rí. Ẹnì kan láàárín wa dá a lábàá pé ká kúkú sọ pé "àìgbà", bí a ṣe ń sọ pé ara mi ò gba ẹ̀wà. Ó sàn jù, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù. Nígbà ogun àgbáyé kejì, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Peter Medawar àti oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Thomas Gibson tọ́jú obìnrin kan tí iná jó ní Glasgow. Wọ́n bu awọ lára arákùnrin rẹ̀, wọ́n fi bo ojú ọgbẹ́. Awọ náà mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bàjẹ́. Wọ́n tún bu òmíràn lára arákùnrin kan náà, èyí tètè bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. 1943 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ara rántí. Ó mọ ẹni tó lé jáde lánàá, ó ti múra dè é. Ohun tó ń rántí, tó sì ń jà, kò ṣeé pè ní àìgbà. Ara kọ̀ ọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi "ìkọ̀" ṣe orúkọ rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù, "ikọ́" ni gbogbo ènìyàn máa gbọ́, àwọn tó ń kọ àkọlé láìfi àmì sí i yóò sì kọ "iko". Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tó kà á pé iko ń bọ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ọkàn rẹ̀ máa lọ sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ ká fi sọ ọ́: "kí ara má bàa kọ̀ ọ́", "ìgbà tí ara bá kọ̀ ọ́". Kì í ṣe gbogbo ohun tí Òyìnbó bá fi ọ̀rọ̀-orúkọ sọ làwa náà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀-orúkọ sọ.

"Ìpààrọ̀" ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló ti mọ́ àwọn oníròyìn lára. Àmọ́ ẹni tó pààrọ̀ táyà yọ ògbólógbòó kó tó fi tuntun sí i. Ti kíndìnrín kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í fọwọ́ kan àwọn ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi wọ́n sílẹ̀ sí, lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ ikùn, nítòsí egungun ìbàdí, ni wọ́n ń fi tuntun sí, kó lè sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀. Ẹni tó gba ọ̀kan ní mẹ́ta nínú. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ bàbá yẹn fi lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Àgbẹ̀ sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: a ń lọ́ igi. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò ó nínú Róòmù orí 11, níbi tí ẹ̀ka igi ólífì ìgbẹ́ ti di ara igi ólífì inú oko. Mo fara mọ́ "ìlọ́sára": kíndìnrín tí wọ́n lọ́ sí i lára. Ẹ kàn má ké e kúrú sí "àlọ́", ti ìjàpá nìyẹn.

"Ẹ̀yà ara" pàápàá, lórí rédíò ilé wa, ìròyìn àwọn tí ọlọ́pàá ká òkú mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ kíndìnrín là ń sọ, ẹ jẹ́ ká sọ kíndìnrín. Bíbélì pè é ní "iwe", ṣùgbọ́n lóde òní iwe adìẹ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀.

Lórí "sẹ́ẹ̀lì" fúnra rẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn kan fẹ́ràn "àhámọ́". Robert Hooke tó kọ́kọ́ lo orúkọ yẹn ní 1665 wo èèpo igi kọ́ọ̀kì lábẹ́ ẹ̀rọ amóhuntóbi, ó rí àwọn ihò ṣíṣófo bíi yàrá kéékèèké. Ohun òkú ló rí. Ti inú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń rìn kiri tọ̀sán-tòru kò há mọ́ ibì kankan. Sẹ́ẹ̀lì ti wọ ilé ẹ̀kọ́, kó máa bẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n "sẹ́ẹ̀lì igi"! Àbúrò mi, ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò yóò gbà pé ara igi ni wọ́n ti bù ú, ọ̀dọ̀ elewé-omo ni yóò sì gbà lọ. Èdè Jámánì ni "stem" yẹn ti wá. Ernst Haeckel ló lo "Stammzelle" ní 1868, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni àwòrán ìran, irú èyí tí a fi ń to bàbá ńlá, bàbá àti ọmọ. Ìran ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ẹ̀gbọ́n wa sún mọ́ ọn pẹ̀lú "sẹ́ẹ̀lì ìyá", mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá pín sí méjì làwọn onímọ̀ ti ń pè ní ìyá, ìbáà jẹ́ ti awọ orí imú. Èyí tó tún burú jù ni pé lórí ọ̀rọ̀ ìlọ́sára, ìyá gidi wà níbẹ̀. Ìyá ló sábà ń fún ọmọ ní kíndìnrín. Tí mo bá wí fún ìdílé kan pé "sẹ́ẹ̀lì ìyá la máa fún ọmọ yín", ìyá ọmọ yóò na apá rẹ̀ kí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀.

"Sẹ́ẹ̀lì orírun" ni mo mú wá. Ẹ lọ wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Èyí tó so, a bẹ́ ẹ. Ìdí náà tún hù, èyí tó hù tún so, ìdí sì wà níbẹ̀ fún òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú mùdùnmúdùn egungun wa. Wọ́n ń bí sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n ń bí sẹ́ẹ̀lì funfun tí í ṣe ẹ̀ṣọ́, wọ́n sì ń bí irú ara wọn kí orírun má bàa gbẹ. James Till àti Ernest McCulloch ní Toronto ló fi èyí hàn lára eku ní 1961. Ọ̀rọ̀ tí a ń wá yìí kì í sì í ṣe ti òkè òkun nìkan: ní 2011, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ti ìlú Benin, wọ́n fi irú sẹ́ẹ̀lì yìí tọ́jú ọmọdé kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn òbí tó ń ronú lórí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń bẹ láàárín wa, ó sì yẹ kí wọ́n lè bá ìyá àgbà sọ ọ́ nílé.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí jù.

Nínú Yorùbá, ẹni tó ń fara da nǹkan ń jẹ ìyà rẹ̀ lọ́wọ́. A ń fara da ebi. A ń fara da òtútù ìlú yìí. Nǹkan náà ò yéé dunni, a kàn ń pa á mọ́ra ni. Ẹ jẹ́ ká wá wo oògùn tí àwọn tó gba kíndìnrín ń lò, bíi cyclosporine tí wọ́n rí lára olú inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway, tàbí tacrolimus tí wọ́n rí lára kòkòrò àìfojúrí inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan. Oògùn wọ̀nyí kò sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé ará ilé lẹni tó wọlé. Wọ́n kàn so ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ni. Tí aláìsàn bá fi oògùn sílẹ̀, okùn á tú, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí a so lọ́wọ́ kò sì lè lé olè gidi. Ìdí nìyẹn tó fi ń rọrùn fún àrùn àkóràn àti jẹjẹrẹ láti rí àwọn tó ń lo oògùn yìí mú. Oògùn méjèèjì náà tún ń pa kíndìnrín lára bó bá pẹ́, kíndìnrín kan náà tí wọ́n ń ṣọ́. Ara tó wà ní ipò yìí, mo gbà, ó ń fara dà á. Ìfaradà ni iṣẹ́ oògùn.

Ohun tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì orírun wá yàtọ̀. Ní 1945, Ray Owen ní Wisconsin ń yẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù wò, ó rí i pé àwọn màlúù tí wọ́n bí ní ìbejì ní ẹ̀jẹ̀ oríṣi méjì lára, kódà bí ọ̀kan bá jẹ́ akọ tí ìkejì jẹ́ abo: tirẹ̀ àti ti ìkejì rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ti so pọ̀ nínú oyún, sẹ́ẹ̀lì orírun èkíní ṣí lọ sínú èkejì, ó fi ibẹ̀ ṣe ilé, ó sì ń bímọ níbẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà. Medawar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá rí i pé tí wọ́n bá bu awọ ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ìkejì, ó ń mú. Ní 1953, òun, Rupert Billingham àti Leslie Brent fi abẹ́rẹ́ fún ọmọ eku inú oyún ní sẹ́ẹ̀lì eku mìíràn. Nígbà tí ọmọ eku náà dàgbà, ó gba awọ eku ọ̀hún. Kò sóògùn, kò síjà. Ẹ̀yin ará, eku yẹn kò fara da nǹkan kan. Kò mọ̀ pé àjèjì ló wà lára òun. "Tolerance" ni wọ́n fi pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn dọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí àwa bá tú u ní "ìfaradà", orúkọ àìsàn la fi pe ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ìbejì yìí, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Kíndìnrín àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ́ síni lára tó yọrí sí rere, ìbejì ló ṣe é: Ronald Herrick fún Richard ìkejì rẹ̀ ní tirẹ̀ ní Boston, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1954, Joseph Murray ló ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Richard sì lo ọdún mẹ́jọ sí i. Inú ẹyin kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ti jáde, ẹ̀ṣọ́ kò rí àjèjì kankan. Àwa Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lágbàáyé, ṣùgbọ́n ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa ti ń jáde; Táyé lè fún Kẹ́hìndé ní kíndìnrín kí ara Kẹ́hìndé sì kọ̀ ọ́. Pẹ̀lú gbogbo oríkì tí a ní fún ìbejì, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tó ya oríṣi méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ ọ́ sí wa.

Kí n padà. Nínú ènìyàn, a ò lè dúró de oyún. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn tàbí ìtànṣán dín ẹ̀ṣọ́ kù kí àyè lè ṣí sílẹ̀, wọ́n á wá fún aláìsàn ní sẹ́ẹ̀lì orírun láti inú mùdùnmúdùn tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹni kan náà tó fún un ní kíndìnrín. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá rí ibi jókòó, wọ́n á máa bí ẹ̀ṣọ́ tuntun. Lẹ́yìn egungun igbá-àyà, ẹ̀yà kékeré kan wà tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àwọn tó bá fẹ́ bá ará ilé jà dúró kí wọ́n tó jáde síta. Tí sẹ́ẹ̀lì olùtọrẹ bá ti wà níbẹ̀, òun náà á wọ inú ìwé ará ilé. Ní Massachusetts General Hospital ní Boston, ènìyàn márùn-ún ni wọ́n ròyìn rẹ̀ ní 2008, tí kíndìnrín olùtọrẹ wọn kò bá wọn mu tán: mẹ́rin nínú wọn ló jáwọ́ nínú oògùn tí kíndìnrín wọn sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni sẹ́ẹ̀lì àlejò lò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kó tó pòórá, síbẹ̀ ara ò kọ kíndìnrín. Wọ́n ròyìn mẹ́jọ mìíràn láti Chicago ní 2012, márùn-ún ló bọ́ lọ́wọ́ oògùn.

Báwo la ṣe ń sọ èyí lédè wa? A ń sọ pé wọ́n gbà á mọ́ra. Ìyàwó tuntun tó wọlé, tí àwọn ará ilé gbà mọ́ra, kì í ṣe pé wọ́n ń fara dà á. Ẹ̀gbọ́n wa lè ní "àmúmọ́ra" náà wà, kó má baà jẹ́ pé mo gbàgbé. Àmúmọ́ra dára fún ìwà ènìyàn, àmọ́ ẹni tó ní àmúmọ́ra ń rí ohun tó ń bí i nínú, ó kàn ń gbójú fò ó. Ìgbàmọ́ra kò ní bíbínú nínú. Ìgbàmọ́ra ni mo fẹ́ ká fi dúró fún ohun tí Medawar rí lára eku.

Àbúrò mi oníròyìn, èyí já sí pé o ní láti mọ ìwádìí tí o fẹ́ kà kí o tó mú ọ̀rọ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì orírun mìíràn wà nínú mùdùnmúdùn tí kì í bí ẹ̀ṣọ́, tó kàn máa ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Ní Fuzhou, nílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n lò ó fún àwọn tó gba kíndìnrín lọ́wọ́ ẹbí wọn, ènìyàn 159 ló wà nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012. Inú mùdùnmúdùn aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi rọ́pò ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ara wọn kọ kíndìnrín láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sì dín kù. Wọn kò bọ́ lọ́wọ́ oògùn yòókù o. Nípa ti Fuzhou, "dín kù" tí o lò tọ̀nà, o lè kà á báyìí: "Wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì orírun pẹ̀tù sí ẹ̀ṣọ́ ara, kí iye àwọn tí ara wọn ń kọ kíndìnrín tí wọ́n lọ́ sí wọn lára lè dín kù." Nípa ti Boston, "dín kù" kéré sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: "Wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì orírun olùtọrẹ kọ́ ẹ̀ṣọ́ ara, kó lè gba kíndìnrín náà mọ́ra."

Ó ku ọ̀kan tí agbára mi ò tíì ká. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún aláìsàn lè dé inú ara rẹ̀ tán kí òun wá máa rí onílé bí àjèjì, kó máa bá awọ, ìfun àti ẹ̀dọ̀ onílé jà. Ewu gidi ni, ó ń pa ènìyàn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í pa mọ́ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe kíkọ̀ tí ara kọ̀ rárá, àlejò ló kọ onílé. Mo ti ń pè é ní "ìkọlù àlejò", àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn: àlejò ló kọ lu onílé ni, àbí onílé ló kọ lu àlejò? Gbólóhùn náà kò sọ. Níwọ̀n bí a ti lè fi odidi gbólóhùn pe àrùn ní fòníkú-fọ̀ladìde, mo rò ó wò pé bóyá "àlejò-lé-onílé" lè dúró. Ìyá wa nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ wà ní wọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ létí aláìsàn kan tàbí ẹbí rẹ̀, kí ẹ wá bá wa kọ ohun tí wọ́n bi yín sẹ́yìn rẹ̀ gan-an.